Quilt ńlá ẹlẹ́yìn minky: orí ilẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń yanjú

Ẹni tó bá ti rán àrán rí á tètè mọ ìwà minky, aṣọ onírun tó rọ̀. Àwọn méjèèjì ló ní irun, irun náà sì ní ibi tó kọjú sí: ẹ fọwọ́ pa á síhìn-ín, á tẹ́, á máa dán; ẹ pa á sọ́hùn-ún, á dìde, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣókùnkùn sí i. Ibi tí minky ti yàtọ̀ ni pé ó máa ń fà. Bí wọ́n ṣe ń hun singlet ni wọ́n ń hun ún, polyester ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ó máa ń fà láti etí kan dé etí kejì ju bó ṣe ń fà lóòró lọ. Ohun tó ń fa wàhálà nìyẹn nígbà tí wọ́n bá fi ṣe ẹ̀yìn quilt, ìyẹn ìbora tí wọ́n fi aṣọ iwájú, òwú àárín àti aṣọ ẹ̀yìn rán pọ̀: ẹ̀yìn á ká jọ, iwájú á wọ́, igun ò ní bá igun mu mọ́.

Chicago ni mò ń gbé, òtútù ibí kì í ṣe kékeré. Àwọn tó ń kó ankara aṣọ ẹbí wọn wá pé kí n fi ṣe quilt, minky ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn, torí ó móoru, ó sì rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ lára. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọ pé kí n tó jókòó sídìí maṣíìnì rárá ni iṣẹ́ náà ti ń dára tàbí kí ó bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ fọ ankara yín kí ẹ tó gé e. Òwú ni, ó máa ń dín kù bí omi bá kàn án. Minky kì í dín kù. Tó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́lùú ni, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ lau, torí bí aró bá ran minky funfun, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Quilt bẹ́ẹ̀dì queen (bẹ́ẹ̀dì tó gba èèyàn méjì) máa ń tó 90 ínṣì ní ìbú, 100 ínṣì ní gígùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ínṣì 4 jù ú lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Minky tó wọ́pọ̀ ò ju nǹkan bíi 60 ínṣì lọ ní ìbú, nítorí náà ẹ máa ra yáàdì 6, ẹ gé e sí méjì, ẹ rán an pọ̀. Kí irun apá méjèèjì kọjú sí ibì kan náà o, láti ibi ìrọ̀rí lọ síbi ẹsẹ̀. Mi ò kì í jẹ́ kí ojú ìránpọ̀ yẹn bọ́ sí àárín gbùngbùn, torí ó máa ń ki. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kàn án: irun rẹ̀ á yọ́, kò sì ní dìde mọ́.

Ó wá kan ilẹ̀. Ẹ wá ibi tí kò sí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ, ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún. Ẹ tẹ́ minky kí irun rẹ̀ dojú bolẹ̀, ẹ fi tépù lẹ àárín ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó lẹ àwọn igun. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́, àmọ́ kò gbọdọ̀ fà. Bí mo ṣe ń dán an wò ni pé màá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àárín rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bó bá ń ṣẹ́ jọ níwájú ọwọ́ mi, ó ti dẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà màá ṣí tépù ibì kan; bí etí aṣọ bá sá wọlé, mo ti fà á jù nìyẹn, màá sì tún un lẹ̀. Ẹ má kánjú níbí. Minky tí ẹ fà lórí ilẹ̀ á padà sí àyè rẹ̀ bí ẹ bá ti gbé e dìde, ankara iwájú ló sì máa ká jọ.

Òwú pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ tẹ́ lé e kí ẹ tó tẹ́ ankara sókè, torí minky fúnra rẹ̀ wúwo. Mo máa ń fín gọ́ọ̀mù alátùúká sára òwú yẹn, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí, mo sì tún máa ń fi sáfẹ́tì píìnì dè é. Àwọn kan ní ọ̀kan ti tó. Fún quilt kékeré ti ọmọ ọwọ́, mo gbà; fún èyí tó máa bo bẹ́ẹ̀dì, rárá. Ẹ di ìkúùkù, ẹ gbé e lé ibi tó wù yín lórí rẹ̀: bí kò bá kan píìnì kankan, ẹ fi sí i. Ẹ wá fi ọwọ́ tákì etí rẹ̀ yí po.

Nídìí maṣíìnì, walking foot, ẹsẹ̀ maṣíìnì tó ní eyín tiẹ̀, ni kí ẹ lò, torí eyín tiẹ̀ ń gbé aṣọ lókè bí eyín maṣíìnì ṣe ń gbé e nísàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ stretch (ti aṣọ tó ń fà) 90/14, ìgbésẹ̀ abẹ́rẹ́ mìlímítà 3 sí 3.5. Àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa lọ síta. Ìlà oníkọrọ bí ìgbì omi ni mo fẹ́ràn jù: ìlà tó gún régé máa ń tú àṣírí bí aṣọ bá yẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sì rán an ṣù mọ́ra, irun ẹ̀yìn á tẹ́ pátá. Ẹ fi tábìlì sí apá òsì àti ẹ̀yìn maṣíìnì. Quilt tó bá rọ̀ sílẹ̀ á máa fa abẹ́rẹ́.

Irun minky máa ń bo òwú ìránṣọ mọ́lẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ bí òwú bá dẹ̀ lábẹ́. Bí ẹ bá ti rán ìlà àkọ́kọ́ tán, ẹ yí i padà, ẹ fi ìka ya irun náà, ẹ wò ó dáadáa. Nígbàkigbà tí òwú bọ́bìnì bá tán, ẹ ṣí ìdí bọ́bìnì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gbogbo ẹ̀gbọ̀n ibẹ̀ kúrò.

Kí ẹ tó gé etí rẹ̀ dọ́gba, ẹ rán an yí ká lẹ́ẹ̀kan kí minky má bàa yẹ̀ lọ. Ankara ni kí ẹ fi gbá etí rẹ̀, minky nípọn jù fún un. Bí ẹ bá ń gbé e fún ẹni tó ni ín, ẹ sọ fún un: omi tútù, kò sí softener (ohun tí wọ́n ń fi mú aṣọ rọ̀), bó bá sì fẹ́ fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́, kó dín ooru rẹ̀ kù pátápátá.