Ọdún 2025 nínú ìwé owó ẹgbẹ́ wa

Ẹni tó bá ń wo fọ́tò Ojúde Ọba lórí fóònù, aṣọ ló máa rí. Èmi tí mo jẹ́ akápò, rìsíìtì ni mò ń rí. Ọdún 2025 ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo sì ti yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wa wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Èkó àti Ìbàdàn kì í yé bi mí pé kí la ń fi gbogbo owó yẹn ṣe ní Ìjẹ̀bú. Ó dáa, ẹ wá gbọ́.

Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ obìnrin Akílé Ìjẹ̀bú ni wá. Ọjọ́ orí ló kó wa jọ, kì í ṣe ipò, kì í ṣe ẹ̀sìn. Dókítà ń bẹ nínú wa, aláṣọ ń bẹ, ẹni tó ń ta gàrí ní ọjà Òkè-Ajé ń bẹ, ìyàwó pásítọ̀ sì ni ààrẹ wa. Ètò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti wà láyé àtijọ́, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ló sì jí i dìde. Ojúde Ọba ní tirẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún: àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ń lọ kí Awùjalẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, láti dúpẹ́ pé ó fún wọn láyè ẹ̀sìn wọn. Lónìí, àwa tí a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà a máa we gèlè lọ.

Owó oṣù wa kéré. Owó ìtanràn àwọn apẹ́lẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n òun náà kò lè kọ́ nǹkan kan. Àǹkóò gan-an ni oko tí a ti ń kórè. A ó ra aṣọ lódindi ní Èkó, a ó ránṣẹ́ sí àwọn ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn fún aṣọ òkè, a ó wá bu iye díẹ̀ lé e kí a tó pín in fún ọmọ ẹgbẹ́. Iye díẹ̀ yẹn ló ń sanwó ìwé fún àwọn ọmọ tí kò ní baba, òun ló sì fi ìpìlẹ̀ ilé ìgbẹ́ sọlẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ti ń sá wọ igbó tipẹ́.

Àǹkóò ni ìjà wa náà ti wá. Ní Ojúde Ọba 2024, fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin, tòun ti àwòrán tó fín sí ara, yí gbogbo ayé ká. Láti ìgbà náà, ohun gbogbo gbówó lórí: òtẹ́ẹ̀lì, télọ̀, ẹni tó ń kun ojú, ẹni tó ń ya fọ́tò. Nígbà tí Ojúde Ọba 2025 fi máa dé ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, àwọn kan nínú wa ti ń béèrè aṣọ kejì tí a ó pààrọ̀ sí lọ́sàn-án. Mo ta kò ó nínú ìpàdé, mi ò sì tíì dáríjì ẹni tó pè mí ní ahun. Tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti ná owó tán sórí aṣọ méjì, ta ni yóò fi nǹkan sílẹ̀ fún ilé ìgbẹ́? A jó, a yan níwájú àwọn èèyàn, àwọn ìdílé balógun gun ẹṣin kọjá, ìbọn dún. Ó dùn, mi ò ní parọ́.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, Kábíyèsí wàjà. Wọ́n gorí ìtẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1960, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Kò sí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tó mọ Awùjalẹ̀ mìíràn. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀, mi ò sì béèrè. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan dábàá àǹkóò ọ̀fọ̀. Ààrẹ wa kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní ọba tó dá àga ọ̀jọ̀gbọ́n lórí ìṣèjọba sílẹ̀ ní Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ, aṣọ kọ́ la ó fi rántí rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ṣe àyẹ̀wò ìlera ọ̀fẹ́ ní oṣù Kẹwàá, ohun tó dára jù tí owó wa ṣe lọ́dún yìí. Àwọn nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ wa ló wọn ìfúnpá, wọ́n yẹ ṣúgà wò, a sì ra awò ìkàwé fún àwọn tí ojú ń yọ lẹ́nu. Ìyá kan tó ń rán aṣọ fi awò bọ ojú, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá àgbàlagbà kan, ìfúnpá rẹ̀ ga débi pé nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kó gun ọ̀kadà padà sílé. Bàbá bínú, ó ní irọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ń pa, ara òun le koko. Ọ̀kan nínú wa fi mọ́tò tirẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Láti ìgbà náà ni bàbá ti ń fi ìkókorẹ́ ránṣẹ́ sí i.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ló san èyí tó pọ̀ jù nínú owó awò. Ọlọ́run á bù sí i fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ kànga fún ìlú, ẹ jẹ́ kí pátákó orúkọ yín kéré ju kànga lọ.

Ilé ìgbẹ́ kò tíì ní òrùlé. Owó sìmẹ́ǹtì jẹ owó páánù, mo sì ti fi rìsíìtì rẹ̀ han ìgbìmọ̀.

Ìṣòro ọdún tó ń bọ̀ ni kàlẹ́ńdà. Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún, ìparí oṣù Karùn-ún 2026 ló máa bọ́ sí. Àwẹ̀ Ràmàdáánì àti Lẹ́ńtì yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àárín oṣù Kejì, méjèèjì pa pọ̀. Ìgbà wo la ó wá gbowó aṣọ? Ní ìparí ọdún 2025 yìí, ìtẹ́ ṣì ṣófo, ilé Fùsẹ̀ngbùwà ló kàn, mi ò sì dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ oyè. Aṣọ kan péré ni mo máa dábàá ní ìpàdé oṣù Kìíní, kí páánù sì ti gun orí ilé ìgbẹ́ kí Iléyá tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì jẹ gbèsè àǹkóò 2025, ẹ mọ ara yín. Àkáǹtì ẹgbẹ́ kò yí padà.