Ẹ kó ọmọ ogun ìhà méjèèjì: ohun tí eré ogun orí tábìlì kọ́ mi ní Kétu

Ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, kì í ṣe sójà oníke ló ṣòro rí fún ẹni tó fẹ́ràn eré ogun orí tábìlì, eré tí à ń fi sójà kéékèèké àti dáìsì jagun. Ẹni tí ẹ jọ máa ṣeré ló ṣòro rí. Wọ́n á wá kí yín, wọ́n á gbé sójà kan sókè, wọ́n á ní “Ha, ẹ̀yin lẹ kùn ún?”, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Tẹ́ ẹ bá ń dúró dìgbà tí ọ̀kan nínú wọn máa kó ọmọ ogun tirẹ̀ jọ, irun yín á funfun. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo dì mú jù lọ nìyí: ẹ kó ìhà méjèèjì. Ogun tiyín, ogun ọ̀tá, dáìsì, tépù ìwọ̀n, ìwé òfin eré, kí gbogbo rẹ̀ wà nílé yín. Kí àlejò má ṣe mú nǹkan kan wá ju ara rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Nígbà tí Reisswitz, ọ̀gá sójà kan, gbé eré ogun rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá ológun Prussia, ìjọba kan ní ilẹ̀ Jámánì àtijọ́, ní 1824, inú àpótí kan ṣoṣo ni ègé òjé pupa àti ègé òjé búlúù tó dúró fún ọmọ ogun jọ wà, adájọ́ kan sì wà láàárín tó ń sọ ohun tí dáìsì wí. Ní ìlú tí ṣọ́ọ̀bù eré ogun bíi ti Warhammer wà ní òpópónà, oníkálùkù lè gbé ogun tirẹ̀ wá nínú báàgì. Àwa kò tíì débẹ̀. Àpótí kan, ìhà méjì: ti Prussia ló bá wa mu.

Ẹni tó bá máa kó ìhà méjèèjì kò lè ra sójà ńláńlá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé ni ti mìlímítà 28, ó sì rẹwà lóòótọ́, àmọ́ owó rẹ̀ á dá yín dúró lójú ọ̀nà. Ẹ wá ti mìlímítà 15, tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní 1/72, tí ọkùnrin kan kì í ju bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ ní ìdúró. Italeri ti Ítálì àti Zvezda ti Rọ́ṣíà ń ṣe ti 1/72 yìí, páálí kan sì sábà máa ń ní bíi 40 nínú. Ike rírọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn, ó sì ní ìwà tirẹ̀: òróró máa ń kù lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, gúlù àwọn oníke líle kì í mú un, ọ̀dà á sì máa bó níbi ọ̀kọ̀ àti ìbọn tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ fi gúlù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, tí ẹ ti fi omi là díẹ̀, kùn ún kí ọ̀dà tó kàn án.

Kíkùn ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á rí sójà tí wọ́n kun bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, ọkàn wọn á rẹ̀wẹ̀sì. Láti ibi tí ẹ dúró sí lẹ ó ti máa wo ogun yín, kì í ṣe láti iwájú imú. Àwọ̀ ara, àwọ̀ aṣọ, àwọ̀ ìbọn, ó ti tó. Ẹ fi omi la ọ̀dà náà kó ṣàn bíi wàrà, kẹ́ ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dà kíki tí a kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á bo ojú àti ìka mọ́lẹ̀. Tó bá gbẹ tán, ẹ da omi ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí, kó wọ inú ìṣẹ́po aṣọ. Òjìji tí ẹ ò lè fọwọ́ yà, òun á yà á fún yín. Kẹ́ ẹ sì kun etí páálí tí wọ́n dúró lé ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ fún ìhà kọ̀ọ̀kan, torí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní mọ ẹni tó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ bọ̀wọ̀ fún ojú ọjọ́ pẹ̀lú. Ọ̀dà inú agolo tí à ń fín kì í fẹ́ ọ̀rinrin: ní ìgbà òjò á ṣe funfun báláú bí ẹni pé eérú bà á. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, á ti gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀, eruku á sì tẹ̀ lé e, ara sójà á wá rí ṣákaṣàka. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń fi kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ ní ìgbà méjèèjì. Tí ọyẹ́ bá ń gbẹ ọ̀dà mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ tẹ́ fóòmù tó rin fún omi sínú ike oúnjẹ onídèérí, kẹ́ ẹ fi pépà tí àwọn oníkéèkì ń tẹ́ sábẹ́ kéèkì bò ó, orí pépà yẹn ni kẹ́ ẹ ti máa po ọ̀dà. Tẹ́ ẹ bá dé e, ẹ̀ẹ́ bá a ní tútù lọ́jọ́ kejì.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ilẹ̀ ogun fúnra rẹ̀, torí ìyẹn kò nílò ohun tí à ń rà ní Kútọnu tàbí Paris. Kétu tàtijọ́ ni mo kọ́, pẹ̀lú odi amọ̀ rẹ̀, yàrà rẹ̀, àti ẹnubodè Akaba Idena. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ni odi náà. Ẹ ṣọ́ra o, ọ̀dà agolo àti gúlù oníke máa ń jẹ fóòmù yẹn dànù. Gúlù káfíńtà tí a pò mọ́ ọ̀dà olómi la fi ń bò ó. Ilẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé wa ni mo sẹ́ tí mo wọ́n lé gúlù tútù, àwọ̀ rẹ̀ sì rí bó ṣe yẹ kó rí, torí ilẹ̀ yẹn gan-an ni. Fún òrùlé koríko, kànìnkànìn ìwẹ̀ ni: ẹ gé e sí ìdì tín-ín-rín, ẹ lẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìpele kan á gorí èkejì, kẹ́ ẹ wá fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ etí rẹ̀ dọ́gba. Ẹyọ ìgbálẹ̀ ló di òpó àti ọgbà.

Bàbá kan ní agbolé wa wá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka wọn yàrà mi.

“Ṣé yàrà rèé? Ewúrẹ́ á fò ó kọjá.”

“Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, tí mo bá gbẹ́ ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, fóòmù á lu.”

“Wá fóòmù míì.”

Mo wá fóòmù míì. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn àgbà ti ń yà wá wò ó, tí wọ́n ń tọ́ka ibi tí igi báyìí ti wà rí, tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn. Bí eré kankan kò tiẹ̀ wáyé lórí tábìlì náà, ó ti ṣiṣẹ́.

Àmọ́ ta ló máa di Dahomey mú, ọ̀tá tó ń gbógun ti Kétu nínú eré wa? Nílé wa, kò sẹ́ni tó fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Fọ̀n, tó máa ń wá láti Pọ́bẹ̀, ní òun náà kò fẹ́, pé Kétu lòun máa ṣọ́. Àbúrò mi ló padà kó Dahomey, ọmọ Kétu pọ́ńbélé, ó sì ya odi wọlé. Ìyá wa kò rẹ́rìn-ín rárá. Òfin tí a wá fi lélẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń ṣe ogun kan náà, tí a óò pààrọ̀ àga láàárín. Ẹ gba òfin yìí lọ́wọ́ mi. Ó ń mú kí eré tí ìhà méjèèjì rẹ̀ kò dọ́gba ṣeé ṣe láìsí ìjà, torí ẹni tó bá di ìlú mú pẹ́ jù ló borí.

Ní ti òfin ìbọn, ẹ jẹ́ kó rọrùn. Àwọn òfin eré ọ̀fẹ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi ti One Page Rules, ẹ sì lè ṣe tiyín lé e lórí. Ẹ kàn mọ ìṣirò rẹ̀. Tí ìbọn bá ń bà ní 4 sókè, ìyẹn tí dáìsì bá fi 4, 5 tàbí 6 hàn, dáìsì 12 á fún yín ní mẹ́fà tó bà ní ìpíndọ́gba. Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó wà lẹ́yìn odi, 5 sókè ló ń bà á, ó di mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá ní 6 nìkan, ó di méjì. Ìyàtọ̀ mẹ́rin àti méjì yẹn ló máa sọ bóyá ẹnikẹ́ni á dé ibi odi. Mo dúró lé 5. Pẹ̀lú 6, àwọn Dahomey á kàn jókòó síta ni, eré á sú èèyàn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, jíjókòó síta yẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀. Ní 1883, láyé Glèlè ọba Dahomey, ọmọ ogun Dahomey kọlu Kétu. Ní 1886 wọ́n ti tún dó tì í, ebi wọ inú odi, ìlú sì fọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dahomey ni àwọn ọmọ Kétu tó lè padà wá tún un tẹ̀ dó. Eré tí kò bá ní ebi nínú kì í ṣe ogun Kétu. Èyí tí mo ṣe nìyí: ẹni tó di ìlú mú á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hóró àgbàdo 20 nínú ìdérí ìgò. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, á mú méjì kúrò. Tí ọ̀nà kan bá ṣí sílẹ̀ tí ọ̀wọ́ rẹ̀ kan sì jáde lọ bọ̀, á dá mẹ́ta padà. Tí àgbàdo bá tán, gbogbo ọ̀wọ́ inú odi á máa ta dáìsì kan dín. Ẹni tó wà níta náà ní láti pín ogun rẹ̀ sí gbogbo ọ̀nà, bó bá sì pín in tinrín jù, wọ́n á já a gbà. Láti ìgbà tí àgbàdo ti wọ inú eré yìí ni àlejò ti ń béèrè ọjọ́ tí a óò tún ṣe é.

Ẹ yan àgbàdo náà gbẹ kẹ́ ẹ tó kó o sínú àpótí o. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kòkòrò á ti jẹ oúnjẹ Kétu tán kí Dahomey tó dé.