Orúkọ mi ṣì wà nínú rẹ́jísítà

Ọjọ́bọ̀ Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 2025, ni mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Láderin, ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo kúrò nílé ní 2016, ọkọ̀ yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dánfó la máa ń wọ̀ láti Èkó, ẹ̀yìn á sì máa ro wá títí a ó fi dé Kútọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Alágọ́mejì ni mo ti wọkọ̀, mi ò tíì jẹ gúgúrú ọwọ́ mi tán tí wọ́n fi ní a ti dé. Takisí ló gbé mi wọ ìgboro. Ibi tí ọ̀nà ti gun òkè díẹ̀ ni mo ti rí wọn: àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà, tí wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ títí dé ẹsẹ̀ Olúmọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń rí òrùlé yẹn lójú oorun ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo sunkún nínú takisí náà, ojú kò sì tì mí.

Ẹni tí kò bá mọ ìjọ wa kò lè mọ̀ pé ìjọ ni. Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà, kò sí sípíkà. Pálọ̀ ilé wa ní Ìtọ́kò ni. Ní 2003, ìjà owó bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọ ńlá tí àwọn òbí mi ń lọ. Ìdílé mẹ́ta jáde, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ máa gbàdúrà pọ̀ nílé wa títí ìjà náà á fi rọlẹ̀. Ìjà rọlẹ̀, wọn ò padà. Bàbá mi ti re ọ̀run báyìí, àwọn kan kó lọ sí Èkó, àwọn kan wá dara pọ̀, ẹni 14 ló kù, láìka àwọn ọmọdé. Bàbá Télọ̀ ló ń darí wa. Kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, aṣọ tó ń rán ló fi ń jẹun. Nígbà mìíràn tó bá ń wàásù, téèpù tó fi ń wọn ara ènìyàn ṣì máa ń wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ń sọ fún un.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni rẹ́jísítà. Ìyá Aládìrẹ, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ni akọ̀wé wa. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró títí dé ọrùn ọwọ́, kò sí ọṣẹ tó lè bó o mọ́. Ọwọ́ yẹn ló fi ń di bírò mú. Lẹ́yìn orin àkọ́kọ́, yóò ṣí rẹ́jísítà, yóò máa pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wà á ní, "Mo wà níbí." Bí ẹnì kan kò bá dáhùn, ìsìn dúró nìyẹn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ibi tó wà: ó rìnrìn àjò, ara rẹ̀ kò yá, ìyàwó rẹ̀ bímọ, inú ló ń bí i. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀, wọ́n á yan ẹni tí yóò lọ wò ó kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ó máa ń sú mi. Mo rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò ni.

Ọdún Àjíǹde mi àkọ́kọ́ ní Leeds, ní 2017, ẹnu iṣẹ́ ló ti bá mi, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Mo ń fi ṣíbí bọ́ bàbá òyìnbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́, mo sì ń kọ orin àjíǹde lábẹ́lẹ̀ ní Yorùbá. Bàbá náà dá ẹnu dúró, ó la ojú sí mi, ó ń gbọ́. Ìsìn mi nìyẹn lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, mo rí ìjọ kan, ìjọ tó tóbi, tó dára, tí wọ́n á kí ọ tẹ̀ríntẹ̀rín lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi lọ síbẹ̀. Mo wá ṣàìsàn, mi ò lè jáde fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí gbà lọ́dọ̀ wọn ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan lórí fóònù, ẹ̀rọ ló fi ránṣẹ́, bó sì ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé, "Àlejò wa ọ̀wọ́n." Mo ka "àlejò" yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo da fóònù dojú bolẹ̀. Mi ò bínú sí wọn, èrò wọ́n pọ̀, ta ló lè mọ gbogbo wọn? Àmọ́ ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Láti ìgbà yẹn, àwa Yorùbá méje kan la máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi nílé obìnrin Ìjẹ̀bú kan. Èmi ni mo ní kí a ra rẹ́jísítà.

Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, gbogbo wa wà nínú ààwẹ̀. Agogo 12 ni a bẹ̀rẹ̀, 3 ni a parí. Àbẹ́là méje ló wà lórí tábìlì, fún ọ̀rọ̀ méje tí Jésù sọ lórí igi àgbélébùú. Ẹnì kan á ka ọ̀rọ̀ kan, a ó dákẹ́, a ó sì pa àbẹ́là kan. Bàbá Télọ̀ ló ń pín ọ̀rọ̀ náà fún wa, kì í sì í ṣàdédé pín in. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá ní Kútọ̀ ló ka "Òùngbẹ ń gbẹ mí." Ọkùnrin kan wà nínú wa tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, òun ló ka èyí tí Jésù bá olè sọ, pé lónìí ni yóò wà pẹ̀lú òun ní Párádísè. Ó kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí òun gan-an.

Ẹ̀kẹta ni wọ́n fún mi. Mo dìde, mo ṣí Jòhánù orí 19 nínú Bíbélì Màmá, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já tí wọ́n fi òwú rán. "Obìnrin, wo ọmọ rẹ." Màmá jókòó síwájú mi gan-an. Nígbà tí mo lọ, irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, wọ́n ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí ewé tí atẹ́gùn kékeré fẹ́ sí. Gbogbo ìgbà tí a máa ń rí ara wa lójú fóònù, ojú rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí. Mo ka "Obìnrin", ohùn há mi lọ́fun. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ó tún há. Màmá kò wolẹ̀. Ó wò mí lójú, ó sì bá mi ka ìyókù rẹ̀ láti orí.

Lẹ́yìn tí a pa àbẹ́là yẹn, Bàbá Télọ̀ kò jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́. Ó ní ní Abẹ́òkúta níbí ni Àjàyí Crowther ti rí ìyá rẹ̀, ní oṣù Kẹjọ 1846. Ọdún 1821 ni wọ́n ti kó wọn lẹ́rú ní Òṣoògùn, ọdún 25 ni wọ́n fi yà síra. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ìyá òun gbọ̀n nígbà tó rí òun, pé àwọn di ara wọn mú, àwọn ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọdún 1848 ni Àfàlà, ìyá náà, ṣèrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn yìí, mo sì kọ ọ́ sínú ìdánwò. Lọ́jọ́ náà, ìyá yẹn ni mo ń rò, gbogbo òwúrọ̀ tó fi jí ní ọdún 25 láìmọ̀ bóyá ọmọ òun wà láyé. Èmi ń pe Màmá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

Sátidé ni mo gbé ọ̀rọ̀ tèmi kalẹ̀ níwájú àwọn àgbà ìjọ. Mo ti ń tọ́jú owó láti Kérésìmesì tó ṣáájú, ó ti di £600. Mo fẹ́ kí a wó ògiri kan kí pálọ̀ lè fẹ̀, kí a ra sípíkà àti jẹnẹrétọ̀, kí a gbé pátákó síta. Wọ́n gbọ́ mi tán. Ìyá Aládìrẹ dúpẹ́, ó súre fún mi. Bàbá Télọ̀ wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ọmọ mi, nínú àwa 14 yìí, ta ni kò gbọ́ ohùn ẹnì kejì rẹ̀?"

Ó ní nígbà Ìfọ́lé, ní 1867, wọ́n kó ẹrù àwọn onígbàgbọ́, wọ́n ba ilé ìjọsìn jẹ́, àwọn òyìnbó ajíhìnrere sì fi ìlú sílẹ̀. "Ilé ni wọ́n fọ́," ó ní, "wọn ò rí ìjọ fọ́." Ó tún rán mi létí pé kí Freeman ajíhìnrere tó dé ní oṣù Kejìlá 1842, kí Townsend, ajíhìnrere bíi tirẹ̀, tó tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní 1843, àwọn Sàró ti wà nílùú, àwọn ọmọ wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n sì gba Sierra Leone padà wálé. Àwọn náà ti òkè òkun dé bíi tèmi, àdúrà ni wọ́n gbé bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí àwọn ń fẹ́. Ìyá Ẹlẹ́kọ, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ń gbé ní Láfẹ́ńwá, ní òdìkejì odò. Owó kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gbé e wá tó sì ń gbé e padà ti wọ́n ju agbára rẹ̀ lọ, orúnkún rẹ̀ kò sì gba ọ̀kadà. Ó ti tó oṣù méjì tí kò wá. Kí n fi owó náà san kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí n fi ìyókù ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn mẹ́ta kan tí wọ́n dárúkọ. Odindi òru ni mo fi rò ó. Mo ti rí pátákó yẹn lọ́kàn, mo ti mọ ọ̀dà tí a ó fi kùn ún. Kò rọrùn fún mi láti jù ú sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kó owó náà fún Ìyá Aládìrẹ, ọwọ́ aró yẹn sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ́jísítà ló kọ ọ́ sí, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n wò ó. Mo wá Àjíǹde 2017: orúkọ mi rèé, ó kọ "òkè òkun" sí i. 2018, òkè òkun. 2020, nígbà tí ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé nítorí kòrónà, ó kọ "a bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ara le" síwájú orúkọ gbogbo wa. Ọdún mẹ́sàn-án, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn ò pè mí. Mo béèrè ẹni tó ń dáhùn. Ó ní, "Ta ni ì bá tún jẹ́? Màmá rẹ ni. Á ní, 'Ó wà lókè òkun, ó ń bọ̀.'"

Ọjọ́ Àjíǹde fúnra rẹ̀ dùn, òjò ló kàn fẹ́ dí wa lọ́wọ́. Ní ìjọ wa, àwọn obìnrin ló máa ń kọ́kọ́ wọlé ní agogo márùn-ún ìdájí, nítorí obìnrin ló kọ́kọ́ dé ibojì. Àwọn ọkùnrin á dúró síta títí a ó fi jáde wá pè wọ́n. Wọ́n dúró lábẹ́ ọ̀ṣọ́rọ̀, omi ń kán sí wọn lọ́rùn, kò sẹ́ni tó sá wọlé nínú wọn. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn tí a ké pé, "Jésù jíǹde!", ohùn tí wọ́n fi dáhùn pé, "Ó jíǹde nítòótọ́!" jí àwọn ará àdúgbò. A ò pe orúkọ lọ́jọ́ náà. Bàbá Télọ̀ ní níwọ̀n bí Ìyá Ẹlẹ́kọ kò ti sí níbẹ̀, kí a jẹ́ kí ó di Gálílì.

Ẹ mọ̀ pé Mọ́ńdè Àjíǹde ni Gálílì wa, nítorí áńgẹ́lì ní Jésù ti ń lọ ṣáájú wọn sí Gálílì. Àwọn ìjọ mìíràn á wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ sí Olúmọ, àwọn kan á lọ jókòó sábẹ́ igi. Àwa gba kẹ̀kẹ́ mẹ́ta, a há ìkòkò ata mọ́ àárín ẹsẹ̀, a gbé ìrẹsì Ọ̀fadà tí a pọ́n sínú ewé, a kọjá afárá lọ sí Láfẹ́ńwá. Rédíò onímárúwá ló sọ fún wa lọ́nà pé Póòpù Francis kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màmá ní kí a gbàdúrà fún àwọn ará wa Kátólíìkì, a sì gbà á nínú kẹ̀kẹ́, onímárúwá náà ṣe àmín, Mùsùlùmí sì ni.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Ìyá Ẹlẹ́kọ jókòó sí, ó ti wọ aṣọ funfun láti òwúrọ̀. Kò sí àga tó pọ̀ tó, ilẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ jókòó sí. Ó fi ọwọ́ pa mí lójú, ó bi mí bóyá wọ́n ń rí ẹ̀kọ jẹ níbi tí mo wà. A kọ orin kan. Ìyá Aládìrẹ ṣí rẹ́jísítà lórí itan rẹ̀, ó ń pè wá. Kò tíì pe orúkọ Ìyá Ẹlẹ́kọ dé ìdajì tí ó fi gbọ́wọ́ sókè pé, "Mo wà níbí o!"

Ó kan èmi. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n Màmá ti yára jù mí lọ, bí ó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Ó wà lókè ò…"

Ó dákẹ́. Ó yí ojú sí mi, ó gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn lé mi lórúnkún.

"Ó wà níbí," ni ó wí fún Ìyá Aládìrẹ. "Kọ ọ́ síbẹ̀."