Bátìrì CR2032, wáyà mẹ́jọ àti ìdánwò A+: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ IT ní Àkúrẹ́

Bí kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan ní ọ́fíìsì Alágbàká bá kọ̀ tí kò ṣí ojú òpó báǹkì, tó ní ibẹ̀ kò ní ààbò, tí Google pàápàá kò sì ṣí, ẹ má tíì lọ bá router jà. Ẹ wo aago igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Bó bá ń sọ pé ọdún 2015 la wà, bátìrì pẹlẹbẹ tó rí bí owó kọ́bọ̀, CR2032, ló ti kú. NEPA mú iná lọ lóru, ẹ̀rọ gbàgbé ọjọ́. Ìwé ẹ̀rí ààbò tí ojú òpó báǹkì ń lò ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Lójú kọ̀ǹpútà tó gbà pé 2015 ni, ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Kẹ́ ẹ tó yọ bátìrì náà, ẹ wọ inú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú ewé tó sọ̀rọ̀ nípa SATA, ọ̀nà tí disk fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ìdí ni pé bí bátìrì bá kúrò, BIOS lè padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́. Bó bá yí ètò SATA náà láti AHCI sí RAID, Windows ò ní gbéra, àwọn ènìyàn á wá rò pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fa wáyà iná yọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ yọ ògbólógbòó, ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́, kí ojú tó ní àmì + wà lókè. Tuntun máa ń ka 3 volt lórí mítà, ó tiẹ̀ lè lé díẹ̀. Èyí tó bá ti wálẹ̀ dé 2.5, ẹ jù ú nù.

Ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú A+, ìdánwò ìwé ẹ̀rí IT tí àjọ CompTIA ń ṣe, kò ní dá a dúró. Ẹni tó kà á nínú ìwé nìkan á máa wo ìdáhùn mẹ́rin tó jọra bí ìbejì. Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa ìwé ẹ̀rí nìyẹn: iṣẹ́ ọwọ́ ni kó ṣáájú, kí ìwé ẹ̀rí máa tẹ̀lé e, kí wọ́n má sì jìnnà síra. Bẹ́ ẹ bá wà ní káfẹ́ kan nítòsí géètì FUTA, bẹ́ ẹ bá jẹ́ corper tí wọ́n pín sí iléèwé kan ní Ọba-Ilé, bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà ní ilé ìtajà oògùn lẹ́bàá Ọjà Ọba lẹ̀ ń mójú tó, ibẹ̀ gan-an ni yàrá ìdánrawò yín.

A+ tí mo ń sọ yìí, ìdánwò méjì ni: Core 1 àti Core 2. Èyí tó wà lóde báyìí ni 220-1201 àti 220-1202, tó jáde lóṣù kẹta ọdún 2025. Ìbéèrè inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í ju 90 lọ, ìṣẹ́jú 90 ni wọ́n sì ń fún yín fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máàkì 675 ni wọ́n fi ń yege Core 1, 700 ni ti Core 2, lórí òṣùwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ láti 100 dé 900. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ìwé wò kẹ́ ẹ tó rà á, torí ìwé 220-1101 àti 220-1102 ṣì kún ìgbá àwọn tó ń ta ògbólógbòó, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ti ìdánwò yẹn pa lóṣù kẹsàn-án 2025. Ìbéèrè tó ní kẹ́ ẹ ṣe nǹkan lójú ẹ̀rọ, bíi kẹ́ ẹ to wáyà tàbí kẹ́ ẹ tún router ṣe, ló sábà máa ń wà níwájú. Ẹ fò ó, ẹ dáhùn àwọn kéékèèké, kẹ́ ẹ tó padà sí i. Ọ̀pọ̀ ló ti sun ogún ìṣẹ́jú sórí ìbéèrè kan ṣoṣo, tí àkókò sì tán kí wọ́n tó dé èyí tí wọ́n mọ̀ bí ẹní mowó.

Ẹ sá fún àwọn tó ń ta ìbéèrè tí wọ́n jí lórí WhatsApp. CompTIA lè gba ìwé ẹ̀rí náà padà lọ́wọ́ yín. Kódà bí wọn ò bá mọ̀, ọ̀gá tó bá gbà yín á mọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Orúkọ ń dá wàhálà sílẹ̀ ju ìbéèrè lọ fún àwa Yorùbá. Orúkọ tẹ́ ẹ fi ṣí àkáǹtì Pearson VUE, ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìdánwò náà, gbọ́dọ̀ bá ti káàdì ìdánimọ̀ yín mu. Ẹni tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pè ní Oluwaseun tó wá kọ Seun sórí àkáǹtì lè dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n dá a padà, kí owó rẹ̀ sì wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́, kì í ṣe lówurọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é nílé, wọ́n á fi kámẹ́rà wo yàrá yín tinú tòde: orí tábìlì gbọ́dọ̀ mọ́, fóònù gbọ́dọ̀ jìnnà sọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ọmọ àbúrò tó bá ṣílẹ̀kùn láti béèrè owó búrẹ́dì lè fòpin sí i. Ìmọ̀ràn mi: ẹ lo láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì lè dúró fún wákàtí mẹ́ta, ẹ fi wáyà so ó mọ́ router, kí router náà wà lórí UPS kékeré. Hotspot fóònù kò ṣeé gbára lé fún irú iṣẹ́ yìí. Bí ilé yín ò bá ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ wọ mọ́tò lọ ibùdó ìdánwò. Owó ọkọ̀ kéré sí owó ìdánwò kejì.

Lẹ́yìn A+, àwọn kan á ní Network+ ló kàn. Bí owó bá wà, kò burú. Bí owó bá tó ọ̀kan ṣoṣo, èmi á ní kẹ́ ẹ lọ CCNA, ìwé ẹ̀rí network ti ilé iṣẹ́ Cisco, ìdánwò 200-301. Ó le jù ú lọ, ìṣẹ́jú 120 ni, ṣùgbọ́n ó ń fi ipá mú yín mọ ohun tó ń lọ nínú wáyà. Packet Tracer tí Cisco fi ń kọ́ni kò gba kọ́bọ̀, láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ kò ju 4GB lọ sì lè gbé e. Ẹ fi pípín àdírẹ́sì IP (subnetting) ṣe oúnjẹ àárọ̀. Ẹ mú 192.168.10.77/26: /26 ń pín àdírẹ́sì ní 64, 64. 77 bọ́ sí àárín 64 àti 127. 64 ni orúkọ agbo ilé (network), 127 ni ìkéde (broadcast), 65 dé 126 ni ẹ lè fún ẹ̀rọ, 62 lápapọ̀. Bó bá ń gbà yín ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ, ẹ ò tíì ṣetán. A+ àti CCNA, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń lò. Ti Microsoft tó wà ní ìpele Associate, ọdọọdún lẹ máa tún un ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́, lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ìpele Fundamentals kì í parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù ni íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá ní "kò sí network", ẹ ṣí ojú dúdú cmd, ẹ tẹ ipconfig /all. Àdírẹ́sì tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ẹ̀rọ ló fún ara rẹ̀. Ó bẹ router, router ò dá a lóhùn. Ó lè jẹ́ wáyà tó já, ó sì lè jẹ́ pé àdírẹ́sì ti tán. Router kéékèèké mìíràn kì í pín ju ọgọ́rùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ fóònù gbogbo òṣìṣẹ́ àti ti àlejò ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í dá a padà títí ọjọ́ yóò fi pé. Ẹ dín àkókò tí wọ́n fi ń yá àdírẹ́sì kù sí wákàtí méjì, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Bí àdírẹ́sì bá dára, ẹ ping 127.0.0.1, lẹ́yìn náà router, lẹ́yìn náà 8.8.8.8, kẹ́ ẹ tó wá fi orúkọ ping google.com. Bí 8.8.8.8 bá dáhùn tí orúkọ kò dáhùn, DNS ni, ìyẹn ohun tó ń sọ orúkọ di àdírẹ́sì. Ẹ má yí ètò yìí po, torí ibi tó bá ti kọ́kọ́ dákẹ́ ni àìsàn wà.

Èyí tó máa ń mú orí gbóná jù ni ti ẹni tó gbé router láti ilé wá. Ó fẹ́ Wi-Fi tó lágbára ní yàrá rẹ̀, ó sì ki wáyà ọ́fíìsì bọ ihò LAN rẹ̀. Láti ìgbà náà, router méjì ń pín àdírẹ́sì, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní DHCP, nínú ilé kan. Bí ẹni tó wà lókè bá ń lò ó dáadáa, ti ìsàlẹ̀ kò rí printer. Lọ́la á yí padà. Ọ́fíìsì ń lo 192.168.1, àwọn kan á máa rí 192.168.0. Ẹ wo ìlà "DHCP Server" nínú ipconfig /all lórí ẹ̀rọ tó ń ṣe ségesège. Ẹ tẹ arp -a kẹ́ ẹ rí MAC rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ wá máa yọ wáyà lára switch, àpótí tí gbogbo wáyà ti pàdé, lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dákẹ́. Ẹ má jù ú síta o, ẹni tó gbé e wá lè jẹ́ ọ̀gá. Ẹ pa DHCP inú rẹ̀, ẹ fún un ní 192.168.1.2 tí ẹ̀rọ mìíràn kò lò, ẹ fi wáyà sílẹ̀ ní ihò LAN. Ó di òpó Wi-Fi lásán, inú ọ̀gá sì dùn.

Wáyà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ mú orí rẹ̀ dání kí ahọ́n ike dojú kọ ilẹ̀, kí irin wúrà wà lókè, kí ihò tí wáyà ń gbà wọlé kọjú sí yín. Láti apá òsì: funfun onílà ọsàn, ọsàn, funfun onílà ewé, búlúù, funfun onílà búlúù, àwọ̀ ewé, funfun onílà búráùn, búráùn. Ẹ má tú ìlọ́pọ̀ wọn ju sẹ̀ǹtímítà 1.3 lọ, kí awọ òde wọnú orí náà kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan tó bá ṣì nínú 4, 5, 7 àti 8, wáyà lè ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ó máa ń já sí 100Mbps, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ẹ ó fi kó fáìlì ńlá. Kẹ́ ẹ tó ra páálí wáyà, ẹ fi abẹ fá fọ́nrán kan: bí inú rẹ̀ bá funfun, àlùmíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ó tètè máa ń kán bẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Mítà 100 ni òpin. Ẹ má sì na wáyà bàbà láti ilé kan sí èkejì nínú ọgbà. Òjò Àkúrẹ́ kò dé láìsí àrá, àrá ò sì mọ èyí tó jẹ́ switch.

Printer: bí iṣẹ́ bá há sí orí ìlà tí kò ṣeé parẹ́, ẹ fi àṣẹ alákòóso ṣí cmd, ẹ tẹ net stop spooler, ẹ nu gbogbo ohun tó wà nínú C:\Windows\System32\spool\PRINTERS, ẹ tẹ net start spooler. Bó bá ń sọnù lẹ́yìn tí iná bá lọ tó sì dé, àdírẹ́sì rẹ̀ ló ń yí. Ẹ pa àdírẹ́sì kan mọ́ fún un nínú router. Ẹ má sì so printer olóòru, ìyẹn laser, mọ́ UPS. UPS 650VA kò lè gbé ju bíi wáàtì 390 lọ, ohun tí ń mú inú laser gbóná sì lè fà ju ìyẹn lọ bó ṣe ń jí. UPS á ké, á kú, á sì pa kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́ra. Ara ògiri ni ti laser.

Flash tí gbogbo fáìlì rẹ̀ di shortcut: ẹ má tẹ ọ̀kankan. Nínú cmd, ẹ tẹ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* bó bá jẹ́ E ni flash náà, ẹ kó fáìlì yín jáde, ẹ fi format fọ̀ ọ́ mọ́.

Lórí láptọ́ọ̀pù tokunbo, Microsoft dá ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, nítorí náà ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó lè gbé 11. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì - nínú orúkọ processor Intel ni kẹ́ ẹ wò: i5-7200U, ìran keje, kò wọ̀ ọ́, i5-8250U, ìran kẹjọ, ó wọ̀ ọ́. Ẹ tẹ tpm.msc láti wo TPM, ohun ààbò tí Windows 11 ń béèrè, kẹ́ ẹ rí 2.0 níbẹ̀. Bí ó bá sọ pé kò sí, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn pa á nínú BIOS ni, lábẹ́ orúkọ PTT lórí ẹ̀rọ Intel. Ẹni tó mọ èyí ń ra ọjà tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀.

Bí màmá àkáǹtì bá pè yín, ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó wo ẹ̀rọ. Ẹ má béèrè pé "Kí lẹ ṣe sí i?" Ẹ̀sùn ni ìyẹn, wọ́n á ní àwọn ò ṣe nǹkan kan. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló kọ lójú kó tó dákẹ́?" ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ẹ yíjú sápá kan nígbà tí wọ́n bá ń tẹ password. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ̀ fún wọn pẹ̀lú ẹ̀rín.

Nígbà tẹ́ ẹ bá padà sí ìjókòó yín, ẹ kọ ọ́. Ìwé ogójì ewé tó, bí báyìí: "Túsìdeè, aago 10. Yàrá àkáǹtì, kọ̀ǹpútà 3. Báǹkì ò ṣí. Ọjọ́ fi 2015 hàn. CR2032 ka 2.1. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo tún ọjọ́ ṣe, AHCI ṣì wà. Ìṣẹ́jú 15. Ẹ̀rọ 4 àti 5 ọjọ́ orí kan náà ni: ra méjì sí i." CompTIA pàápàá fi kíkọ sílẹ̀ ṣe ìgbésẹ̀ kẹfà, èyí tó kẹ́yìn, nínú ọ̀nà tí wọ́n ń kọ́ni láti wá àléébù, òun sì ni gbogbo ènìyàn ń fò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ ka iye ìgbà tí DHCP, printer àti bátìrì farahàn. Àwọn ló yẹ kó wọ CV yín, pẹ̀lú nọ́ńbà, lábẹ́ orúkọ ìwé ẹ̀rí náà gan-an. Bí ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò bá ní kẹ́ ẹ sọ wàhálà kan tẹ́ ẹ ti yanjú rí, ẹ ṣí ìwé ogójì ewé yẹn síwájú rẹ̀.