Ilé Wà ní Àkúrẹ́, Èmi Wà ní Àbújá

Àárọ̀ kùtù ni Bọ̀ọ̀dá mi máa ń pè, kí n tó kúrò nílé lọ síbi iṣẹ́. “Pọ́ńpù yẹn tún ti jóná o.” Èmi náà á ní, “Ẹ kú wàhálà, sà. Èló ni wọ́n ń ta òmíràn?” Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi ní Kubwa ní Àbújá, ó ti dé Àkúrẹ́. A ṣe é bẹ́ẹ̀ ní 2016, a ṣe é ní 2017, a tún ṣe é ní 2018. ₦32,000, ₦35,000, ₦41,000. Ẹ bá mi rò ó pọ̀.

Ilé ọ̀hún kò tóbi. Fúláàtì oníyàrá méjì mẹ́rin ni, ní Ọbá-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ìparí ọdún 2014 ni mo kọ́ ọ tán, kò sì pẹ́ sígbà náà tí iṣẹ́ gbé mi lọ sí Àbújá. N kò wá ẹ̀jẹ́ǹtì kankan. Kí ló dé tí n ó máa fún ẹni tí n kò mọ̀ rí lówó, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wà ní Ìsinkàn nínú Àkúrẹ́? Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jù mí lọ. Àwọn ni wọ́n san owó WAEC mi.

Ní oṣù kejì ọdún 2019, mo wá síbi ìsìnkú kan ní Ìdànrè, mo bá yà sí ilé náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú gan-an. Màmá tó ń ta àkàrà, tí wọ́n ń gbé fúláàtì iwájú, ń fi okùn fa omi nínú kànga. Mo kí wọn, mo bi wọ́n pé pọ́ńpù ńkọ́. Wọ́n ní, “Pọ́ńpù wà níbẹ̀, lánlọ́ọ̀dù. Omi ló ti lọ sísàlẹ̀, páìpù rẹ̀ kò kàn án mọ́.”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Eruku ti bò ó, aláǹtakùn ti ta òwú sí i lára. Mo fi ọwọ́ nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì rí 2014. Èmi fúnra mi ni mo fi ìṣó kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí a rà á, nítorí bàbá mi kì í ra nǹkan kó má sàmì sí i, mo sì jogún ìwà náà. Pọ́ńpù kan náà ni. Kò jóná rí.

Mo dìde, mo gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún ṣòkòtò mi, mo ra àkàrà ₦200, mo sì kọrí sọ́nà Àbújá. N kò sọ nǹkan kan fún Bọ̀ọ̀dá.

Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ẹni tó san owó WAEC mi, kí n wá bi wọ́n pé rìsíìtì dà? Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi wà. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹbí kò ṣeé fi ilé sí lọ́wọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ kò lè bi léèrè ni kò ṣeé fi ilé sí lọ́wọ́, ìbáà ṣe ẹbí, ìbáà ṣe pásítọ̀ yín. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fi owó ránṣẹ́, n kò bèèrè fọ́tò ẹyọ kan, torí lójú mi ìwọ̀sí ni. Ká sì sòótọ́, n kò fún Bọ̀ọ̀dá ní kọ́bọ̀ fún gbogbo ìrìn tí wọ́n ń rìn láti Ìsinkàn. Mo ń pè é ní ìrànlọ́wọ́. Àwọn náà sì ran ara wọn lọ́wọ́.

Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé wàhálà ilé yìí ti pọ̀ jù fún yín, ẹ jẹ́ kí ẹ sinmi. Màmá alákàrà ni mo wá bẹ̀. Mo yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nínú owó ilé wọn lọ́dọọdún, kí wọ́n máa bá mi la ojú sílẹ̀. Àwọn náà jù mí lọ, ṣùgbọ́n àdéhùn owó wà láàárín wa, ìyẹn ló jẹ́ kí ìbéèrè rọrùn. Mo lè pè wọ́n lálẹ́ kí n ní, “Màmá, ẹ ṣí ẹ̀rọ yẹn kí n gbọ́,” wọn kì í bínú.

Owó ilé kì í gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá mọ́. Mo ṣí àkáǹtì kan fún ilé náà nìkan, ibẹ̀ ni kálukú ń san tirẹ̀ sí. Tí nǹkan bá bàjẹ́, oníṣẹ́ gan-an ni mò ń sanwó fún, kì í ṣe ẹni tó lọ pè é. Pọ́ḿbà á kọ́kọ́ ya fídíò ibi tó bàjẹ́ kó tó tú u. Mo máa ń san ìdajì kó fi ra ọjà, ìdajì yòókù di ìgbà tí Màmá bá sọ pé omi ń ṣàn. Ohun àtijọ́ tí wọ́n bá tú kò sì gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà: ẹnu ẹ̀rọ, wáyà, gílóòbù, páànù tó ti jẹ, gbogbo rẹ̀ wà nínú yàrá kékeré ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó mi ń pe ibẹ̀ ní mùsíọ́ọ̀mù.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi: Kérésìmesì ni ìgbà tó burú jù láti lọ wo ilé, ìgbà náà sì ni gbogbo wa máa ń lọ. Òjò ti dá. Páànù tó ń jò ti gbẹ, sọ́kàwéè kò kún, tẹ́náǹtì ti gbálẹ̀, ilé á máa dán lójú yín. Ẹ lọ ní oṣù kẹsàn-án nígbà tí òjò bá ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá, kí ẹ dúró láàárín yàrá, kí ẹ gbójú sókè wo sílíìnì. Kí ẹ tún lọ ní oṣù kejì, kí ẹ wo kànga. Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa ní Àkúrẹ́, omi kì í jìnnà nígbà òjò, ó sì máa ń sá lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù kẹjọ ni èmi gbẹ́ tèmi. Ní ẹsẹ̀ bàtà 18 omi yọ, gbogbo wa pariwo, a dáwọ́ dúró. Ìdí tí Màmá fi ń fa okùn nìyẹn. Ní oṣù kẹta 2020 a tún padà sínú rẹ̀, a gbẹ́ ẹ dé 26, ibi tí dígà kò ti ràn án mọ́.

Ní ti tẹ́náǹtì, mẹ́ta nínú wọn kò yọ mí lẹ́nu rí. Ẹ̀kẹrin, ọ̀gbẹ́ni kan tí kì í wọ aṣọ tí kò lọ̀, san owó ọdún kan, ó sì gbé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ká páànù lé e lórí, bí àwọn onílé kan ti máa ń ṣe. Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ ká a, sà, ẹ̀yin ni ẹ ó máa bẹ̀ ẹ́ ní kóòtù.” Ó ṣàlàyé pé ẹni tó ń san owó ọdún, bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ìwé oṣù mẹ́fà pé kó kó jáde ni a ó fún un, tẹ̀lé e ìwé ọjọ́ méje pé a ń lọ kóòtù láti gba ilé padà, lẹ́yìn náà ni kóòtù tó kàn. Èmi kò sì ní ìwé àdéhùn kankan, rìsíìtì nìkan ni mo ní. Oṣù mẹ́fà náà kò tíì pé tí ọ̀gbẹ́ni fi kó jáde lóru. Ó tú gílóòbù lọ, ó tú ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ.

Gbogbo wọn ló ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn báyìí, ìwé oṣù mẹ́ta pé kí wọ́n kó jáde ló wà nínú rẹ̀ dípò mẹ́fà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ gba yàrá, mo máa ń pe onílé tó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Tọwọ́lọ́wọ́ lè máa yìn ín fún yín kó bàa lè tètè kó kúrò.

Ẹ sì máa san owó ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, kódà bí ẹ kò bá lè dé ìpàdé. Alága wa ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí ìjì ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé, Màmá pàápàá kò tíì jí.

Pọ́ńpù 2014 náà wá jóná ní tòótọ́ lọ́dún 2023. Bọ̀ọ̀dá wà lọ́dọ̀ mi ní Kubwa lọ́sẹ̀ náà, wọ́n wá síbi ìkómọ ọmọ mi kékeré. A jọ jókòó ní pálọ̀ nígbà tí fídíò wọlé, mo sì tẹ̀ ẹ́ láìronú. Èéfín ń rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ohùn Màmá gba gbogbo ilé: “Lánlọ́ọ̀dù, pọ́ńpù ti jóná o!”

Bọ̀ọ̀dá wo fóònù, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í pẹ́.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”