Àdá tó kújú ló ń ṣeni léṣe jù

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa n'Íbàdàn báyìí, ewé Akíntọ́lá sì ti ń bo àwọn ọmọ ìrókò àti ọ̀gànwó tá a gbìn mọ́lẹ̀, tá ò bá tètè bẹ́ ẹ kúrò wọn ò ní róòrùn, wọ́n máa kú sábẹ́ ẹ̀ ni. Ìyẹn la ṣe ń pe àwọn èèyàn kí wọ́n wá bá wa ro ó lọ́fẹ̀ẹ́, inú mi sì ń dùn bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń jáde, àmọ́ ìgboro ni púpọ̀ nínú wọn dàgbà sí, wọn ò di àdá mú rí, ojúgun wọn gan-an lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí.

Ẹ gbọ́, àdá tó kújú léwu ju èyí tó mú lọ. Èyí tó mú, ẹ rọra jù ú, igi ti gé. Èyí tó kújú á ta padà, ẹ̀yin náà á wá máa fi gbogbo agbára jù ú, níbi tó bá ti yọ̀, ẹsẹ̀ ló ń lọ. Torí náà ká tó pín àdá la ti ń pọ́n ọn: ẹ gbé e lé ìtì igi, ẹ fi orúnkún tẹ èèkù ẹ̀, ẹ wọ gílọ́ọ̀fù, ẹ ti fáìlì síwájú, kẹ́ ẹ gbé e sókè kẹ́ ẹ tó dá a padà, ẹ má fà á lọ fà á bọ̀ bí ayùn. Ẹ mi èèkù yẹn wò, tó bá ń mì, ẹ má lò ó rárá.

Tẹ́ ẹ bá wá dénú igbó, ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń ju àdá, ẹ má wọ gílọ́ọ̀fù sí i, òógùn á jẹ́ kó máa yọ̀, ọwọ́ kejì ni kó wọ̀ ọ́, torí ẹ̀gún àti wèrèpè, ọ̀pá oníkọ̀ọ́ ló sì yẹ kẹ́ ẹ fi fa koríko sápá kan, ẹ má fi ọwọ́ dì í mú níwájú àdá láéláé. Ẹ jẹ́ kí mítà 3 ó kéré tán wà láàárín yín. Tó bá ku díẹ̀ kẹ́ ẹ débi ọmọ igi, ẹ sọ àdá kalẹ̀, ẹ fọwọ́ tu ìyókù, àwọn igi tí àdá ti pa pọ̀ jù. Ọkọ́ àti réèkì tẹ́ ẹ bá gbé sílẹ̀, ẹ kàn da ojú wọn délẹ̀.

Tí àdá bá gé èèyàn, aṣọ tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi tẹ ojú ẹ̀ pinpin, ẹ gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó gé yẹn sókè, kẹ́ ẹ kọrí sí ọsibítù. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa máa ń ra ewé Akíntọ́lá yẹn náà sójú ọgbẹ́ kẹ́jẹ̀ lè dá, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé, ewé tẹ́ ẹ já nínú ẹrẹ̀ lè gbé e wọ ara, kì í ṣe irin tó dógùn-ún nìkan ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù. Tí abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ gbà kẹ́yìn bá ti ju ọdún 10 lọ, ẹ lọ gbà á kẹ́ ẹ tó wá.

Bùútù róbà ni kẹ́ ẹ wọ̀ o. Ẹni tó bá wọ sílípáàsì wá ò ní fọwọ́ kan àdá, ẹ̀bá ọ̀nà ló máa wà, á máa bá wa kọ iye igi tó yè sílẹ̀.