"Yorùbá Ò Lè Sọ Ọ́," Lọmọ Mi Wí

Ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, gbé iṣẹ́ àmúrelé dé lọ́jọ́ Ẹtì: kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wá ayé mìíràn tó ṣeé gbé, yàtọ̀ sáwọn tó ń yí oòrùn tiwa po. Inú mi dùn, mo jókòó tì í. Mi ò tíì sọ gbólóhùn méjì tó fi ní, "Mọ́mì, sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ò lè sọ nǹkan sáyẹ́ǹsì."

Kò sọ ọ́ láti fi rí mi fín. Ó gbà á gbọ́ ni. Ohun tó dùn mí nìyẹn.

Mo pa iná. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo so ẹyọ ẹ̀wà olóyin kan mọ́ òwú, mo rọra fà á kọjá níwájú rẹ̀. "Kí lo rí?" Ó ní iná yẹn rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo ní ohun tí wọ́n ń ṣọ́ lójú ìràwọ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ayé tiwa ló kọjá níwájú oòrùn, ohun tó máa dín nínú ìmọ́lẹ̀ ò tó ìdá kan nínú 10,000! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí ayé 7 tó yí ìràwọ̀ TRAPPIST-1 ká, tí wọ́n kéde ní 2017. Bí ẹni ń yáná ni: ẹni tó sún mọ́ ọn jù á jóná, ẹni tó jìnnà jù, òtútù á mú un. Bíi mẹ́ta nínú wọn ló wà níbi tí omi ti lè ṣàn.

"Ṣé èèyàn wà níbẹ̀?"

Mo sọ òótọ́ fún un. Awò awọ̀nàjíjìn James Webb yẹ èyí tó sún mọ́ ìràwọ̀ náà jù wò, nígbà tó di 2023 wọ́n ní ó jọ pé kò ní afẹ́fẹ́ kankan. Àwọn yòókù, wọ́n ṣì ń wò wọ́n.

Mo ní ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí níbẹ̀ lónìí ti gbéra láti bí 40 ọdún. Ibẹ̀ lohùn mi ti yí. Ní 40 ọdún sẹ́yìn, bàbá mi wà nídìí òfì ní Ìsẹ́yìn, èmi ń bá a wé òwú, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka fọ́nrán òwú kí àwọ̀ má bàa ṣì. Ìṣirò tí mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé nìyẹn, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ mi. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú rẹ̀, nítorí ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde. Ọmọ yìí ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Ó dákẹ́, ó sì lọ kọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀wà yẹn ṣì wà lórí òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Lálẹ́ ọ̀la, màá tún pa iná.